Ọ̀rọ̀ ọ̀dà aró inú pálọ̀ rẹ

Abẹ́òkúta

Àríkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Bàbá Tọ́pẹ́ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́.

Mo rí fọ́tò ọ̀dà mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé aró lo fẹ́ fi kun pálọ̀, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì ra garawa ńlá. O ní fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí àríwá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ eérú nínú yóò kàn ṣú ni. Èyí tó fà sí àlùkò díẹ̀ ni èmi fara mọ́.

Fi ọ̀dà kọ̀ọ̀kan kun páálí ńlá kan lẹ́ẹ̀mejì, kí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o wá máa gbé wọn káàkiri ògiri láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí ìgbà yẹn lẹ máa ń jókòó síbẹ̀. Gílóòbù tó ń tàn yẹ́lò lè sọ aró di dúdú mọ́ ọ lójú.

Ọ̀dà tí kì í dán ni kí o rà. Èyí tó ń dán á máa fi gbogbo gbágungbàgun ògiri hàn.

Má sì fi funfun báláú tì í o! Wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹlú gidi rẹ: ibi tí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya ọnà sí i dí kì í sábà funfun tán, aró máa ń ti ẹ̀yìn aṣọ yọ́ wọ̀ ọ́, a sì di olómi aró. Ìdí nìyẹn tí wíwò rẹ̀ kì í fi í sú ojú. Funfun tó jọ wàrà ni kí o kùn sí àjà. Àga onígi, idẹ àti ìkòkò amọ̀ rẹ yóò wá yọ dáadáa.

Mo lọ bá ìyá aláró kan lánàá. Aṣọ jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ kàn án, ó ń di aró lójú mi. Ìyá tún rì í bọ̀ ọ́, ó tún ṣú sí i. Nígbà tó dé ibi tó wù mí, mo ní kó dá a dúró, mo sì rà á fún ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò mú un bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí rẹ. Ọ̀dà tó bá dúdú jù ú lọ, fi sílẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Fọlákẹ́