Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi tí ó Lọ Dìbò ní Eagle Square

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá àwọn ọmọ. Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yín, PDP, tún ti wá bá yín, pé orúkọ yín ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ bí dẹ́lígéètì, aṣojú tí ń dìbò, nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ yan alága àpapọ̀, àti pé ẹ kò tíì dá wọn lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí, nítorí pé bí a bá fojú rinjú, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín kì í jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà débi tí ó yẹ kí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2015. PDP ti lo ọdún 16 lórí àlééfà, alága rẹ̀ kan sì ti fọ́nnu ní ọdún 2008 pé 60 ọdún ni àwọn yóò fi ṣèjọba. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi: ìbò 15,424,921 ni wọ́n kà fún Buhari, 12,853,162 sì ni ti Jonathan. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa pàápàá, níbi tí gómìnà ti kó wọ inú PDP ní ọdún tí ó ṣáájú, APC, ẹgbẹ́ Buhari, ni ó borí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Karùn-ún, alága yín, Adamu Mu'azu, ti fi ipò sílẹ̀. Mo rò pé bí ara bá ti rọ̀ yín tán, ẹgbẹ́ yóò rán irú yín láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ máa béèrè ohun tí ó lé wa kúrò lẹ́yìn yín.

Ẹnì kankan kò wá. Ohun tí a ń gbọ́ ni pé apá ibo ló kàn láti mú alága wá, àríwá ni tàbí gúúsù. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bí ilé tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ kò tíì mọ àìsàn tí ó pa á, tí wọ́n sì ti ń wọn ilẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n gbé Ali Modu Sheriff sípò, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó ti inú APC dé. Ó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, àpérò Port Harcourt yọ ọ́, wọ́n sì fi ìgbìmọ̀ Ahmed Makarfi dípò rẹ̀. Sheriff ní òun kò kúrò. Ilé ẹjọ́ kan ń dá ti ọ̀tún láre, òmíràn ń dá ti òsì láre, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi gbé e fún Makarfi ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2017.

Ẹ kò gbàgbé ohun tí ìjà yẹn ṣe fún wa ní Àkúrẹ́. Eyitayo Jegede, ọmọ ìlú wa, ni ẹ ń polongo fún láti di gómìnà, ṣùgbọ́n INEC yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi ti Jimoh Ibrahim tí apá Sheriff fà kalẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni ẹ fi gbé pósítà tí ẹ kò mọ̀ bóyá orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ yóò wà lórí ìwé ìdìbò. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá orúkọ Jegede padà, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí a dìbò. Akeredolu ti APC ní 244,842, Jegede ní 150,380. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ì bá wọlé ká ní kò sí ìjà náà, ṣùgbọ́n mo rí yín ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kò jẹun.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹ wá lọ dìbò yan alága àpapọ̀ ní Eagle Square ní Abuja, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Aṣọ funfun ni ẹ wọ̀, mo rántí, ẹ sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn àgbà wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti ń pariwo pé ipò náà kò tíì kan Yorùbá rí, kí wọ́n fún wa. Bode George ti juwọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Uche Secondus ni ó wọlé pẹ̀lú ìbò 2,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tunde Adeniran ní 230. Taoheed Adedoja kò ní ẹyọ kan. Ariwo tí àwọn kan tí ó díje pa ni pé ìwé orúkọ kan ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ní kí àwọn dẹ́lígéètì tẹ̀ lé, Adeniran sì ní òun kò fara mọ́ èsì náà. N kò bi yín bóyá ẹ rí ìwé náà, n kò sì ní bi yín nínú lẹ́tà yìí.

Kí n má ṣe àbòsí, Secondus tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2018, mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọrọ àforíjì tí kò kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó dùn wá, àforíjì kí ni ó ń tọrọ? Wọ́n yan Ayu sípò alága ní ọdún 2021, àwọn gómìnà márùn-ún ní kí ó kúrò, ìbò 2023 sì bọ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n yan Turaki ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjà kò sì tán.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé APC ni mo dìbò fún ní ọdún 2015. A kò jà sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ kò bi mí ní ìdí rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni inú ilé kan náà ni a ti jọ dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan pe àwọn ọ̀dọ́ wá ṣe ìdánwò iṣẹ́. Wọ́n ti gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kó wọn sínú pápá ìṣeré kárí orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Abuja, ní Port Harcourt, ní Minna, àti ní Benin. Àkọ́bí mi, tí ẹ̀yin fúnra yín gbé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wà ní Benin. Ó délé ní òru pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, kò sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo tẹ̀ka ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bàtà yẹn ni mo ń rò, kì í ṣe Buhari.

N kò ní kí ẹ má lọ. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ya ilé mi kí ẹ tó wọ mọ́tò Abuja. Ọmọ náà ti di bàbá ọmọ méjì báyìí, ó sì máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bi òun náà.

Èmi ni àbúrò yín.