Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́ àlọ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ mú ọmọ ọmọ mi níléèwé lápá Òkè-Ìjẹ̀bú l'Ákùúrẹ́ níbí, mo bá àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tí wọ́n ń da nóòtì kọ lójú bọ́ọ̀dù, ọmọ tí ò tíì mọ pẹ́ńsù dì mú! Ìwé ìtàn wà ńbẹ̀ o, àwòrán aláràbarà, wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Tíṣà ní àwọn ọmọ á fà á ya, pé nóòtì làwọn inspẹ́kítọ̀ máa ń bèèrè.

Nóòtì kẹ̀! Kí làwọn tó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ń rò gan-an? Ẹ pàlọ́ fọ́mọ, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ bi í pé kí ló rò pé Ìjàpá máa ṣe báyìí, ẹ ó rí i tó máa ronú, tó máa wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi dáhùn, tó bá sì kan orin òun náà á gbè é. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé sí i létí tẹ́ ẹ ń fìka tọ ọ̀rọ̀ náà, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ohun tó ń gbọ́ ló wà lójú ìwé. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú nóòtì dídà kọ!

Ẹ má sì sọ pé Yorùbá tá a fi ń pàlọ́ máa dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa, títí kan èdè Òyìnbó pàápàá. Ifẹ̀ nítòsí ibí ni o.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí iléèwé kọ̀ọ̀kan máa pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà àdúgbò wá ní gbogbo Fráìdé. Àwọn tó mọ àlọ́ pọ̀ l'Ọ́jà Ọba níbẹ̀ yẹn. Kí wọ́n jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó, kí tíṣà náà wà ńbẹ̀ kó máa gbọ́, kó kọ àlọ́ ọ̀hún gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, káwọn ọmọ yàwòrán ẹ̀, tó bá di Mọ́ńdè kó kà á sókè fún wọn, àlọ́ tí wọ́n ti mọ̀ á wá di ìwé tí wọ́n ń kà. Kíjọba fún àwọn àgbà yẹn lówó ọkọ̀. Kí wọ́n fòfin de nóòtì fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yé fi fóònù pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Mo ti sọ fún ọ̀gá iléèwé yẹn pé mo ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Ó ní òun máa bi àwọn tó wà lókè. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá àgbà kan,
Àkúrẹ́