Lẹ́tà sí Àdùnní lórí ilé Bàbá tí ẹ fẹ́ tà

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti àwọn ara ilé? Òtútù Manchester ńkọ́? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ nípa ilé Bàbá ní Bódìjà Àtijọ́, n'Ìbàdàn. Inú mi dùn pé gbogbo ẹ̀yin ọmọ ti fẹnu kò, tí ìwé àṣẹ sì ti jáde láti ilé ẹjọ́ gíga, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ogún ti ń há. Iṣẹ́ tí Bọ̀dá Wálé fẹ́ ṣe síbẹ̀ kí ẹ tó tà á ló mú mi kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ já gbogbo àjà kí àwọn ṣe POP, kí àwọn lẹ táìlì tuntun, kí àwọn sì yọ gbogbo fèrèsé. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilé ní àdúgbò yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń lé. Bí irú wọn bá rà á, wọn á wó o, POP á sì bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé inú rẹ̀, bó ṣe wù ú ló máa tún un ṣe. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wò ni bóyá ilé ń jò, bóyá ó ṣókùnkùn, bóyá ó ń rùn. Ohun tó lè ba ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́rù ni kí ẹ náwó lé.

Mo ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ògiri pálọ̀ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, iyọ̀ funfun sì ti yọ sára rẹ̀. Omi ni. Gọ́tà òrùlé ti bẹ́ lápá ibẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri ló ń da omi sí, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ síta sì ti ga ju ìpìlẹ̀ lọ. Kí ẹ tún gọ́tà ṣe ná, kí ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò. Kí bíríkìlà wá ha ibi tó ti bàjẹ́, kó kọjá ibi tí omi gùn dé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó tún un rẹ́, kó sì gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí pẹ́ńtà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà bò ó kó tà á fún ọmọlọ́mọ. Bàbá ò gbé ayé bẹ́ẹ̀.

Ní ti àjà, mo bẹ̀ yín, ẹ má já a. Asbestos, òkúta bí òwú tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì, wà nínú ọ̀pọ̀ pátákó àjà ayé ijọ́un, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún sì mọ̀ ọ́n, torí Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é pátápátá ní 1999. Bí ó bá wà lódidi, kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń fọ́ ọ tàbí tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á ni eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ tó ń fà sì lè pẹ́ ju ogún ọdún kó tó yọjú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí yóò gun àkàbà yẹn kì í bo imú, ọmọ èèyàn sì ni wọ́n. Kí ẹ dí ibi tó ń jò, kí ẹ fi aṣọ tútù rọra nù ún, kí ẹ kùn ún ní funfun.

Ilẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù! Mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ sókè, mo fi àkísà tútù nu abẹ́ rẹ̀: terrazzo Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun, dúdú àti aláwọ̀ ewé, ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pín in kò sì yọ níbì kankan. Táìlì wo ló fẹ́ dára tó o? Kí ẹ pe oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ilẹ̀ kó fi omi lọ̀ ọ́, kó sì dán an, yóò máa dán gbinrin. Owó rẹ̀ kéré sí ti táìlì dáadáa.

Ìyókù ò le. Garawa ọ̀dà emulsion oní 20 lítà kan tó yàrá ńlá méjì ní kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ó jẹ́ àwọ̀ kírímù, kí yàrá lè mọ́lẹ̀. Gílóòbù LED oní wáàtì 9 ń tàn tó oní 60 àtijọ́. Kí ẹ fọ gíláàsì fèrèsé, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó fọ́ àti nẹ́ẹ̀tì tó ya. Ní ilé ìdáná, ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń kán àti ọwọ́ kábọ́ọ̀dù nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ní ilé ìwẹ̀, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì funfun dí àárín táìlì.

Ẹrù ló kù. Ìwé ìròyìn tí Bàbá tò sí yàrá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ibẹ̀ sì ni òórùn yẹn ti ń wá. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín láti kó o. Àwọn fọ́tò wọn àti àga onírọ̀gbọ̀kú yẹn, mo lè gbé wọn sọ́dọ̀ mi títí ìwọ yóò fi wá.

Bí Bọ̀dá Wálé bá gbà, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá dúró ti àwọn oníṣẹ́. Kí wọ́n tètè dáhùn, torí gọ́tà yẹn ò gbọdọ̀ bá òjò àkọ́rọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́