Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Iná tí a dá ní ẹ̀yìnkùlé

Bowie, Maryland
Ọjọ́ 20, oṣù Ọ̀wàrà

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí Ìyá ní kíkí pàtàkì. Ṣé ara wọn ti ń le sí i? Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé orúkọ mi ni wọ́n ń pe Títí ọmọ rẹ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, bí mo bá sì jí lóru, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí.

Alẹ́ àná ni a dá iná ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí a sì pe àwọn aládùúgbò mẹ́rin jọ. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí ilé yìí, ọwọ́ ni a kàn ń jù sí ara wa láti inú ọkọ̀, Ayọ̀ ọmọ mi sì ti ń sọ ọ́ léraléra pé gbogbo ọmọ kíláàsì òun ni ó ti jókòó yí iná ká jẹ s'mores, ìpápánu aládùn tí wọ́n ń fi iná yan, rí, àyàfi òun nìkan. Mo ra agbada irin fífẹ̀ kan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo gbé e jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 25, mo pọn omi kún kórobá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi óákù tí ó gbẹ dáadáa ni mo sì lò, nítorí pé èéfín pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó fi yan ohun tí ọmọdé yóò jẹ.

Ohun tí mo fara balẹ̀ sí jù ni marshmallow, ohun funfun múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ṣúgà ṣe. Gelatin, ohun tí wọ́n ń sè jáde láti ara awọ àti egungun ẹran, ni ó ń mú un dì, èyí tí a bá sì rí lórí àtẹ níhìn-ín, ti ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mùsùlùmí ni ìdílé tí ó wà lápá ọ̀tún wa. Mo ka ẹ̀yìn ọ̀rá kan tẹ̀lé òmíràn títí mo fi rí èyí tí wọ́n fi ti màlúù ṣe, tí a kọ halal sí lára, òun nìkan ni mo sì rà fún gbogbo wa, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà dúró máa wo ẹnu ẹlòmíràn. Nígbà tí mo fi ọ̀rá náà han ìyá wọn, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Nínú ìwé kan tí Girl Scouts, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdébìnrin ní Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 1927 ni wọ́n ti tẹ bí a ṣe ń ṣe s'mores jáde, “Some More” ni wọ́n sì pè é, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò tún tọrọ sí i. A kì í ki marshmallow bọ inú ọwọ́ iná, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Orí ẹyin iná ni a ti ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pọ́n bí àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. A ó wá fi í lé orí ṣokoléètì láàárín bisikíìtì Graham méjì, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Ti Ayọ̀ àkọ́kọ́ já sínú iná. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ láti yí ọ̀pá tí a fi gún un ni mo rí ìka Ìyá ní ẹ̀yìnkùlé yín ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán yí àgbàdo nínú iná bí ẹni pé kò gbóná rárá.

 

Nígbà tí òṣùpá yọ, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. Ayọ̀ fò dìde, ó ní, “Àlọ́ o!” Àbẹ̀kẹ́, n kò mọ ibi tí ọmọ náà ti kọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ajá àti Ìjàpá nínú oko iṣu, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àlejò, ó sì ń dùn mọ́ wọn. Mo dé ibi tí ẹrù ti wúwo jù fún Ìjàpá, tí ó fẹ́ fi orin pe Ajá padà. Ìlà àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, ìyókù kò wá. Ayọ̀ ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń retí ibi tí yóò ti gbè é. Mo kàn fi ẹnu sọ ohun tí orin náà wí ni, mo sì parí àlọ́ náà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. O ní ọkàn Ìyá máa ń já gaara ní òwúrọ̀. Jọ̀wọ́, jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ṣáà bẹ̀rẹ̀ orin náà fúnra rẹ bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lọ, bóyá wọn yóò gbà á lẹ́nu rẹ. Gba ohùn wọn sórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé ìwọ náà lè rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Ìyá ni mo fẹ́ kí Ayọ̀ gbọ́, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tí wọ́n máa ń fi tiwọn kún un. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan mọ́ òmíràn, má dá wọn dúró.

Mo ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn wọn. Bí wọ́n bá sì tún fi orúkọ mi pe Títí, jọ̀wọ́ má ṣe tún un ṣe fún wọn. Kí Títí bá mi jẹ́ wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́