Ọ̀rọ̀ Bàbá Ọlátúnjí: tíṣà ìlù ni ká máa pè é

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Tá a bá ti dárúkọ olóògbé Babátúndé Ọlátúnjí, onílù wa tó lọ kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà nílù, láàárín àwa tá a fẹ́ràn ìlù, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi yínmú pé "ìyẹn kì í ṣọmọ Àyàn, kí ló mọ̀?"

Ó dáa, kì í ṣọmọ Àyàn lóòótọ́. Ọmọ Àjìdó lọ́nà Àgbádárìgì ni, 1927 ni wọ́n bí i, ìwé ló sì bá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, sikọ́láṣíìpù ẹgbẹ́ Rotary ló gbé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta, ó ní in lọ́kàn pé òun á ṣiṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè. Ìgbà tó débẹ̀ tó rí i pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ ń kàwé, ohun tí wọ́n wò nínú sinimá nìkan ni wọ́n mọ̀ nípa Áfíríkà, ló bá gbé ìlù, ó ń lù ú fún wọn, ó ń kọ́ wọn lórin, bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ tó jáde ní 1960, Drums of Passion, tà wàràwàrà, ẹgbẹ́ olórin Santana ní Amẹ́ríkà náà sì mú orin Jin-go-lo-ba nínú ẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 1969. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bó ṣe ń kọ́ èèyàn gan-an ni kẹ́ ẹ bá mi wò. Nílé Àyàn kò sí sílébù, ìlù kékeré ni wọ́n á fi kọ́ ọmọ lọ́rùn, á máa tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ òde, tó bá ṣìlù kọ̀ǹgọ́ lè bá a lórí, ọdún á máa gorí ọdún títí á fi wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀nà tó dáa ni, òun ló bí àwọn àgbà onílù wa. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ ṣe fún ìyá ọlọ́mọ tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, tí ò gbọ́ Yorùbá, tí ò fọwọ́ kan ìlù rí?

Ẹnu ni Ọlátúnjí fi yanjú ẹ̀, ó fún ìró ìlù kọ̀ọ̀kan lórúkọ tẹ́nu lè pè. Gun, dun, go, do, pa, ta. Ọwọ́ ọ̀tún ló ni gun, go àti pa, òsì ló ni dun, do àti ta. Gun àti dun, àtẹ́lẹwọ́ ni láàárín awọ, ohùn ìsàlẹ̀ nìyẹn. Go àti do, ìka ni, létí awọ. Pa àti ta, wàá là á mọ́ ọn bí ìgbájú. Ó tán! Tẹ́nu bá ti lè pè é, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí tábìlì iwájú yín yẹn, gun go do pa ta, ẹ máa rí i.

Ní 1967 ó ti ní iléèwé tiẹ̀ ní Harlem, tọmọdé tàgbà ń wá síbẹ̀ kọ́ ìlù àti ijó. Ibẹ̀ ni John Coltrane, afunfèrè ńlá yẹn, ti ṣeré lóṣù kẹrin ọdún náà, oṣù keje ọdún yẹn náà ni Coltrane kú. Ọlátúnjí fúnra ẹ̀ ń kọ́ èèyàn lọ ní tiẹ̀, ní California, ní New York, kó tó kú ní 2003. Títí dòní tẹ́ ẹ bá rí àwọn òyìnbó tó ń pagbo ìlù ní páàkì, ẹ lè gbọ́ gun dun go do lẹ́nu wọn, àwọn mí-ìn ò tiẹ̀ mẹni tó kọ́ tíṣà wọn.

Àbùkù ẹ̀ ńkọ́? Ó wà. Àṣíkò àti jẹ́ḿbé, ìlù àfọwọ́lù tó fi ń kọ́ wọn, kì í sọ̀rọ̀ bíi dùndún. Ẹni tó mọ gun go do pa ta ní àmọ̀dunjú ò tíì lè fìlù ki olówó débi tó máa tọwọ́ bàpò. Ibẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ Àyàn ló jàre.

Síbẹ̀ ẹ gbọ́ eléyìí. Sukúùlù tọ́mọ mi ń lọ, owó kíbọ́ọ̀dù wà nínú fíìsì, ìlù ò sí. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn onílù ò ní sátífíkéètì, ní ìlú tí onílù ń lé mọ́tò ìyàwó kiri ní gbogbo Sátidé! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dò re mí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn ní kíláàsì Yorùbá, ohùn dùndún náà ni. Kí wọ́n pe ọmọ Àyàn kan wọlé, kí wọ́n máa sanwó fún un bíi tíṣà tó kù, kóun àti tíṣà Yorùbá jọ jókòó, kí àwọn ọmọ fẹnu pè é kí wọ́n tó gbá kọ̀ǹgọ́ mú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ tiwọn. Tó bá yá, ẹni tó bá wù á lọ sílé Àyàn lọ kọ́ ìyókù.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnì kan nínú àwọn òǹkàwé yín bá ti jókòó lẹ́sẹ̀ bàbá yìí rí, nílé lóko, ẹ bá wa fún un láyè kó kọ bó ṣe rí sínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìkòròdú