Lẹ́tà sí Àbúrò Mi ní London: Ẹ Jẹ́ Kí Òǹwòran Mọ Ohun Tó Ń Lọ Lórí Pápá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn púpọ̀ pé eré orí pápá, ìyẹn eré sísá, fífò àti jíju nǹkan, ni o yàn fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí o fẹ́ fi gba oyè. O ní àwọn kan nínú kíláàsì yín ń sọ pé eré náà ti gùn jù fún èèyàn òde òní, pé àfi kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n sì yọ àwọn ìdíje kan kúrò, kí òǹwòran tó lè padà wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé a ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, a kò sì sọ ohun tí wọ́n ń wò fún wọn.

Wo ọ̀rọ̀ Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi ìdíje àgbáyé ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2022. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni ó ti fo ìdènà mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, tó sì fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.20 tí Kendra Harrison fi lélẹ̀ ní ọdún 2016. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ó tún sá àṣekágbá ní 12.06, ó gba góòlù, ṣùgbọ́n 12.12 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹni tí kò mọ̀ pé bí atẹ́gùn ẹ̀yìn bá ti ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kì í ka àkókò náà sí àkọsílẹ̀, àti pé 2.5 ni ti àṣekágbá ọ̀hún, yóò rò pé wọ́n rẹ́ ọmọ wa jẹ. Kí àwọn tó fẹ́ gé àwọn ìpele ìṣáájú kúrò sì rántí pé inú ọ̀kan nínú wọn ni àkọsílẹ̀ náà ti wá.

Mo lọ wo ìdíje kan nílé níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òdìkejì ibi tí a jókòó sí ni yanrìn tí àwọn ọmọbìnrin ń fò sí wà. A rí i pé ọmọ kan sáré, ó fò, yanrìn tú, ẹnìkan gbé àsíá funfun sókè pé ìfò náà wúlò, ó parí. Kò sí pátákó tó ń sọ bí ó ti fò jìnnà tó, orúkọ àwọn ọlọ́lá tó ń wọlé ni ẹni tó di gbohùngbohùn mú sì ń pè. Ìyá kan tó jókòó tì mí, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fò, ń bi mí léraléra pé, “Ta ló ń ṣíwájú?” N kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ní ìlà tí a jókòó sí. Ìgbà tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ ni ó tó mọ̀ pé ọmọ òun ló ṣe ipò kejì. Ó dunni pé ìdíje tí ì bá gbé ọkàn rẹ̀ sókè fún wákàtí kan ti kọjá lójú rẹ̀ láìmọ̀.

Níbi ìdána, alága ìjókòó ni ó ń jẹ́ kí àlejò tí kò mọ ẹbí ìyàwó rí mọ ìdí tí wọ́n fi dọ̀bálẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí òun pàtẹ́wọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pápá ìṣeré nílò: ẹni tó mọ eré, tó mọ ìtàn àwọn tó ń sá a, tó sì gbọ́ èdè àwọn tó jókòó.

Iná aláràbarà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi ìdíje àgbáyé ní Doha ní ọdún 2019, wọ́n fi iná ṣe ọ̀ṣọ́ sórí pápá kí àwọn asáré tó jáde, wọ́n tilẹ̀ fi kámẹ́rà sínú irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tì láti gbéra, èyí tó bí àwọn obìnrin kan nínú nítorí ibi tó kọjú sí. Síbẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ìjókòó òkè, nígbà tí Shelly-Ann Fraser-Pryce, ọmọ Jamaica, sì gba góòlù mítà 100, tó gbé ọmọ rẹ̀ yí pápá ká, ìjókòó òfìfo ló ń wò wọ́n. Aago mọ́kànlá òru ti kọjá nígbà náà, ilé-ìwé sì wà ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ta ni yóò wà níta?

Ní London tí o wà yẹn, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún ìdíje àgbáyé ní pọ́n-ùn 9.58 ní ọdún 2017, iye kan náà pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá tí Usain Bolt fi ṣe àkọsílẹ̀ àgbáyé mítà 100, tíkẹ́ẹ̀tì tó sì lé ní 700,000 ni wọ́n tà. Ọmọ tó bá di tíkẹ́ẹ̀tì yẹn mú ti mọ ohun kan nípa eré náà kó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ìdíje àgbáyé ti Tokyo ní ọdún 2025 ni mo fẹ́ kí o gbé yẹ̀wò jù lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án, alẹ́ tí Amusan gba fàdákà, Mondo Duplantis, ọmọ Sweden, ti gba góòlù fífi ọ̀pá fò tán kí ó tó ní kí wọ́n gbé igi sókè sí mítà 6.30. Eré sísá ti parí, òun nìkan ló kù, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò lọ. Ó kùnà lẹ́ẹ̀kíní, ó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ó fò ó lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo pápá sì hó yèè. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti wò, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun ni yóò jẹ́ bí igi náà kò bá já bọ́. Bí wọ́n bá lè fún ìfò gígùn àti jíju ọ̀kọ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀, kódà fún ìgbà ìkẹyìn nìkan, kí wọ́n dá eré sísá dúró díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní máa pè wọ́n ní eré ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Èyí ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ ohun tí World Athletics, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, gbé jáde ní ọdún 2024, pé kí wọ́n dán an wò láti yọ pákó tí àwọn tó ń fò gígùn ń tẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi àyè fífẹ̀ kan rọ́pò rẹ̀, kí ìfò tí kò wúlò nítorí pé ẹsẹ̀ kọjá pákó lè dínkù. Carl Lewis, tó gba góòlù Olympics mẹ́rin nínú eré náà, ta kò ó, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá àsíá funfun tàbí pupa, tó ń sọ pé ìfò náà kò wúlò, ni yóò gòkè ni adùn rẹ̀ wà. Kí wọ́n fi àtẹ̀lẹsẹ̀ àti pákó náà hàn wá lójú amóhùnmáwòrán ńlá, ó tó.

Nígbà tí Diamond League, ọ̀wọ́ ìdíje eré orí pápá tó ń lọ láti ìlú dé ìlú lọ́dọọdún, bá tún dé London ní oṣù Keje, jọ̀wọ́ ra ìjókòó tó sún mọ́ yanrìn, kí o sì bi àwọn tó yí ọ ká léèrè, kí ìfò ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣíwájú. Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí o sì fi sínú iṣẹ́ rẹ. Èmi ni yóò san owó tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́.