Ẹ ya ẹni tó ń tọ́ dókítà sọ́nà kúrò lára ẹni tó ń fún un ní máàkì

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà tó ń fi ìlú sílẹ̀ bá ti délẹ̀, owó oṣù ni gbogbo ẹnu máa ń wà. Òótọ́ ni pé owó kò tó. Ṣùgbọ́n nídìí ìtọ́jú ọpọlọ, nǹkan mìíràn tún wà tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ dókítà lọ: wọn kò rí àgbà kan tí wọ́n lè tú inú wọn fún láìbẹ̀rù.

Ọmọ Okun tó kúrò ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ́pà lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Arò l'Abẹ́òkúta tàbí ní Ìlọrin ní ìdánwò mẹ́ta níwájú: Primary, Part I, àti Part II tó ní ìwé ìwádìí nínú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, náà ni wọ́n tún máa ń yàn fún un ní olùtọ́nisọ́nà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú. Ta ni yóò jókòó síwájú ẹni tí bírò rẹ̀ lè dá a dúró, kó wá jẹ́wọ́ pé aláìsàn kan ń ba òun lẹ́rù, tàbí pé òun kọ oògùn ju bó ṣe yẹ lọ? Nílẹ̀ wa tí ọmọdé kì í ti í wo àgbà lójú, yóò gbé e mì ni.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùtọ́nisọ́nà ti ẹ̀ka mìíràn wá, kí ó má sì ní ọwọ́ nínú máàkì rárá. Kí wọ́n ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ní Ìlú Ọba, wákàtí kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ. Níbí, wọ́ọ̀dù ráùndì, ìyẹn yíyí wọ́ọ̀dù ká láti wo àwọn aláìsàn, ló máa ń jẹ wákàtí yẹn run. Ẹ má fi sí ọjọ́ kíláńìkì, ẹ má fi sí òwúrọ̀ tó tẹ̀lé kọ́ọ̀lù, ìyẹn iṣẹ́ òru. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ìdúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Kí ni wọ́n á wá máa ṣe nínú wákàtí náà? Kí wọ́n ṣí fáìlì. Ẹ jẹ́ ká ní opó kan sọ pé, "Mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi lálẹ́." Rẹ́sídẹ́ǹtì kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé obìnrin náà ń gbọ́ ohùn tí kò sí. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kà á, ó sì kọ haloperidol, oògùn wèrè. Olùtọ́nisọ́nà gidi yóò béèrè pé: ìgbà wo ni ọkọ kú? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni ohùn náà ń sọ? Ó ń pe orúkọ rẹ̀ ni. Ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń lọ sọ́jà? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sábà máa ń gbọ́ ohùn olóògbé, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di wèrè. Nítorí náà, kí rẹ́sídẹ́ǹtì kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde, kódà bó jẹ́ ẹ̀ka-èdè Okun, kó tó túmọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni "orí mi ń gbóná" àti "nǹkan ń rìn lórí mi": ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn lè wà nídìí wọn, ibà nìkan kọ́. Láti 1954 tí dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, tó ń jẹ́ kí aláìsàn gbé láàrin ará abúlé, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, ni iṣẹ́ yìí ti ń tẹ́tí sí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ àìsàn wọn. Ìwé nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ìgbà tí aláìsàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Kí olùtọ́nisọ́nà rí rẹ́sídẹ́ǹtì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tó pè é. Kó má béèrè ohun tó ṣe tàbí ohun tí kò ṣe. Kó béèrè bóyá ó ti jẹun, àti ẹni tí yóò bá a délé. Kó bá a wá ẹni tí yóò gba kọ́ọ̀lù alẹ́ náà. Kí wọ́n tún rí ara wọn láàrin ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni kí wọ́n tó ṣí fáìlì. Ẹni tí a fi dá nìkan wà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lè máa sá fún aláìsàn tó bá sọ pé ayé sú òun, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló sì nílò rẹ̀ jù.

Ní ti ìwé ìwádìí, kí rẹ́sídẹ́ǹtì mú àkòrí rẹ̀ wá ní kété tó bá ti yege Part I, torí ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwádìí bá ìwà ọmọlúàbí mu lè gba oṣù mélòó kan.

Olùtọ́nisọ́nà náà lè rìnrìn àjò lọ sókè òkun, nítorí náà kí rẹ́sídẹ́ǹtì ní méjì. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí orúkọ aláìsàn má wọ WhatsApp. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè 1958, kò fàyè gba títú àṣírí aláìsàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí àwọn méjèèjì kọ ojú ìwé kan péré nípa bó ṣe ń lọ. Bí kò bá wọ̀ mọ́, kí èyíkéyìí nínú wọn lè béèrè fún ẹlòmíràn láìsọ ìdí, kó má sì sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Àwa olùkọ́ ìṣègùn ọpọlọ, ọmọ ilẹ̀ Okun,
Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí.